Ìdí Tí Ìwọ̀ Ẹlẹ́nu Mẹ́ta Fi Ń Gbé Níbi Ìrù Ìdẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí iyọ̀ inú òkun ṣì mọ níwọ̀n, tí ènìyàn lè bu omi rẹ̀ se ọbẹ̀ kí ọbẹ̀ má sì bàjẹ́, kò sí ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta láyé. Ẹnu kan ṣoṣo ni ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ó sì tó wọn.

Apẹja kan wà létí òkun tí ń jẹ́ Àlàmú. Ìwọ̀ mẹ́ta ló ní. Ògúnlékè alágbẹ̀dẹ ló rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà, láti ara irin kan náà, nítorí náà wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ìbẹta: Táyé, Kẹ́hìndé àti Ẹ̀ta-Òkò. Ẹ̀ta-Òkò ni àbíkẹ́yìn. Òun ló gbọ́n jù nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wọn kò le. Àlàmú yóò fi ìwọ̀ kọ́ ẹja ṣáwá nímú, yóò jù ú sómi láàyè. Ẹja ńlá yóò gbé ìdẹ náà mì, ìwọ̀ yóò kọ́ ọ lẹ́nu, Àlàmú yóò fà á sókè. Bí ẹja náà bá kéré, tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́, Àlàmú yóò yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò dá a padà sínú òkun, yóò ní, "Bá mi kí àwọn ará ilé o." Àdéhùn òun àti àwọn ẹja nìyẹn.

Ìgbà tó yá ni Kúta dé. Ẹja gígùn ni Kúta, eyín rẹ̀ dà bí ayùn. Kúta kì í gbé ìdẹ mì. Yóò gé e láàárín, yóò mú apá ìrù, yóò bá tirẹ̀ lọ. Bí Àlàmú bá fa okùn, orí ṣáwá nìkan ni yóò bá, ìwọ̀ á sì wà nímú rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀.

"Baálé mi, orí ṣáwá mẹ́sàn-án. Ṣé ara wọn ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Àlàmú kọjú sí àwọn ìwọ̀ rẹ̀. "Bí ẹ kò bá mú Kúta lọ́la, mò ń kó yín padà fún Ògúnlékè. Kó fi yín rọ ìṣó tí mo máa fi kan ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́."

Àwọn ìwọ̀ pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi," ni Ẹ̀ta-Òkò wí, "ọ̀rọ̀ yìí kò ta kókó. Ìrù ni Kúta ń jẹ. Kí ọ̀kan nínú wa lọ dúró síbi ìrù."

"Ó dáa," ni Táyé wí. "Ìwọ ni àbúrò. Máa lọ."

"Èmi ni mo mú àbá wá. Ẹni tó mú àbá wá kì í tún rù ú."

"Ẹ má wo ojú mi o," ni Kẹ́hìndé wí. "Èmi ni àgbà níbí. Èmi ni mo rán Táyé pé kó lọ bá mi wo ayé. Ta ní ń fi àgbà síbi ìrù?"

"Ta lo rán? Mo ti dáyé, mo ti rí òkun, kí ìwọ tó jáde nínú iná!"

Wọ́n ń jiyàn bẹ́ẹ̀ títí Àlàmú fi jù wọ́n sómi. Kúta dé, ó gbọ́ díẹ̀ nínú ẹjọ́ náà, ó gé ìrù, ó lọ.

Àlàmú kó wọn, ó di ọ̀dọ̀ Ògúnlékè. Alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ewìrì. Ẹ̀ta-Òkò rí iná, ọgbọ́n mìíràn sì dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ so wá pọ̀. A ó gbé níbi ìrù náà."

"Ta ni kí n fi síwájú?" ni Ògúnlékè bi wọ́n.

Táyé àti Kẹ́hìndé tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ògúnlékè bá fi ẹ̀yìn wọn kan ara wọn, ó fún wọn ní ọrùn kan ṣoṣo. Kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ó wá rọ ìwọ̀ tuntun ẹlẹ́nu kan tí yóò máa gbé nímú ìdẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Kúta gé ìrù bí ìṣe rẹ̀. Ohun kan kọ́ ọ lẹ́nu, ó dúró.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Àwa mẹ́ta ni," ni Ẹ̀ta-Òkò wí.

Wọ́n jẹ ẹran rẹ̀ nílé Àlàmú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àbúrò rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdílé Kúta pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ Ẹ̀ta-Òkò ní àbá mìíràn. "Bí a bá wà níta tí a ń mú Kúta, bí a bá wọ inú ìdẹ lọ́hùn-ún, kí ni a kò ní mú?" Àlàmú ti yó. Ẹni tó yó kì í ro nǹkan jinlẹ̀. Ó fi ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sínú ikùn ìdẹ.

Ọmọ ẹja àpò kan gbé e mì. Kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́. Àlàmú fẹ́ yọ ìwọ̀ lọ́fun rẹ̀ kó dá a padà. Táyé tú, Kẹ́hìndé kọ́. Kẹ́hìndé tú, Ẹ̀ta-Òkò kọ́. Ẹ̀ta-Òkò gan-an fẹ́ jáde, àmọ́ kò mọ ọ̀nà. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò ta pútú mọ́. Àlàmú gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rán sílé.

Láti ọjọ́ kejì, ẹja kankan kò fẹnu kan ìdẹ mọ́. Gbogbo wọn kó lọ sínú ibú, ìdílé Kúta tó ń jẹ wọ́n sì tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ méje kọjá. Àyọ̀ká da ìkòkò dojúdé. Àlàmú tún bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Ògúnlékè.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àpò yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Iṣẹ́ wo?" ni Àlàmú wí.

"Ẹ ní ẹ ó máa dá ọmọ wa padà. Ẹnu kan wọlé, ẹnu kan jáde, a kò wí nǹkan kan. Ẹnu mẹ́ta wọlé. Èwo ló jáde?"

Àlàmú wo Ẹ̀ta-Òkò. Ẹ̀ta-Òkò kò ní àbá kankan.

"Mo jẹ̀bi, ìyá," ni Àlàmú wí. "Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ má fi ẹlẹ́nu mẹ́ta sínú ìdẹ tí a ń gbé mì mọ́. Ẹlẹ́nu kan ni kẹ́ ẹ fi bá wa ṣe."

"Kí ni kí n wá fi wọ́n ṣe? Kí n rọ wọ́n ní ìṣó?"

Ẹ̀ta-Òkò di ara rẹ̀ mú. Ìyá Àpò ronú díẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n síbi ìrù, níta, fún Kúta."

"Ẹja bíi yín kọ́ ni Kúta ni?"

"Ó jẹ àbúrò mi méjì, Bàbá. Ẹ máa mú un."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn. Kúta kò sí níbi ìpàdé náà. Wọn kò pè é.

Láti ọjọ́ náà ni ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ti ń gbé níta, níbi ìrù ìdẹ, tí ẹlẹ́nu kan sì ń bá ẹja tó ń gbé ìdẹ mì ṣe. Nígbà tí Kúta gbọ́, ó la ẹnu láti sọ pé ẹjọ́ náà kò tọ́. Ẹnu náà kò tíì padé.