Oórì Tí Olóyè Kọ̀
Bàbá Rẹ̀mí kú sẹ́nu ẹjọ́ ilẹ̀ tí Olóyè Ṣówándé ní ti baba òun ni. Opó kì í jáde, nítorí náà ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀fẹ́, kò yọjú sí kóòtù. Ọjọ́ tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tó débẹ̀, Olóyè figbe ta sí adájọ́: "Lọ́yà ọ̀fẹ́ ìjọba ló ní, èmi ń sanwó! Ẹ da ẹjọ́ rẹ̀ nù, kó sì san gbogbo owó tí ìdádúró rẹ̀ ná mi." Àbẹ̀fẹ́ kúnlẹ̀: "Olúwa mi, oórì ọkọ mi lórí ilẹ̀ náà nìkan ni mo ní. Kí Olóyè gbà á dípò owó rẹ̀." "Èèwọ̀!" ni Olóyè wí. "Kí ni n ó fi òkú olókùú ṣe? Àwọn baba ńlá wọn ló kún ibẹ̀!" Adájọ́ gbójú sókè: "Baba ńlá wọn? Lórí ilẹ̀ baba tiyín?" Adájọ́ dá opó láre. Àbẹ̀fẹ́ gba ìdí oórì ọkọ rẹ̀ lọ tààrà, ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, a jàre o." Ó tẹ́tí títí, kò sẹ́ni tó dáhùn.