Ìdí Tí Lékèélékèé Fi Ń Tẹ̀lé Màlúù

Nígbà láéláé, nígbà tí màlúù ṣì ń dá jẹko, tí kò sí ẹyẹ kankan tó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, apẹja ni Lékèélékèé. Bí a bá ń ka àwọn tó mọ ìwọ̀ í jù nígbà náà, òun ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Odò Arọra ni odò rẹ̀. Kò fẹ̀, kì í sì í pariwo. Ó kàn ń rọra ṣàn lábẹ́ igi ọ̀dán ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Lékèélékèé fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá jí láàárọ̀, kó tó kí ará ilé, odò ni ó ń kọ́kọ́ lọ kí.

Òkúta kan dúró láàárín odò náà tó dà bí ìyá arúgbó tó ń wẹ̀. Ó ní orí, ó ní àyà, ó sì ní ìdí. Arúgbó-ń-wẹ̀ ni wọ́n ń pè é, òun sì ni àwọn apẹja fi ń mọ bí omi ṣe tó. Bí omi bá mu arúgbó dé ọrùn, kí oníkálukú pẹja bó ṣe wù ú. Bó bá wálẹ̀ dé àyà, ìwọ̀ kan péré ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìdí arúgbó bá yọ sókè omi, ọ̀rọ̀ ti di ti ìtìjú nìyẹn. Ta ní í dúró wo ìyá àgbà ní ìhòòhò? Gbogbo apẹja yóò ká okùn ìwọ̀ wọn, wọn yóò kẹ̀yìn sódò, wọn yóò sì máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà débẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀, tí omi yóò tún bo arúgbó láṣìírí. Alákàn, àgbà etí odò, ni ó ń ṣọ́ òkúta náà, nítorí ojú rẹ̀ kì í sinmi.

Ọdún kan wá dé tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Ní oṣù tó yẹ kí òjò dé, eruku ló dé. Àwọn apẹja a máa pàdé létí odò láràárọ̀, wọn a wo òkúta, wọn a mi orí. Ọrùn yọ. Lẹ́yìn náà ni àyà yọ. Ẹnì kan á ní lójú tòun o, omi gòkè díẹ̀ ju ti àná lọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n á sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ìdí yọ, Alákàn ní kí wọ́n ká okùn. Ó ní kí wọ́n má fòyà, pé omi tí ẹ̀dá máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Wọ́n kẹ̀yìn sódò, wọ́n lọ.

Lékèélékèé náà lọ, ṣùgbọ́n ilé kò gbà á. Ó ń pọ́n ìwọ̀ tí kò ní lò. Ó ń tú okùn, ó sì ń tún un so. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ewé, á rò pé omi ni. Àárò odò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Èyí tó wá ń dùn ún jù ni pé bí òun ṣe jókòó sílé yìí, omi Arọra ń ṣàn lọ ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Ó ń rò ó pé ká ní òun lè dì í mú títí òjò yóò fi dé, ì bá dára.

Ní ọjọ́ keje, ó padà sódò. Ó kó amọ̀, ó kó òkúta àti imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì sé odò ní ìsàlẹ̀ Arúgbó-ń-wẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, omi ti dúró. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gòkè padà dé àyà arúgbó. Alákàn bá a wí títí, ọ̀rọ̀ kò wọ̀ ọ́ létí. Kí a má parọ́ mọ́ ọn o: kò ju ìwọ̀ kankan sínú omi náà. Kì í ṣe ẹja ló gbé e wá. Odò ló fẹ́ máa rí.

Ní ọjọ́ kẹta tó ti sé odò, Ìyá Màlúù gòkè wá láti ìsàlẹ̀ odò, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó bẹ Lékèélékèé pé kó ṣí odò náà fún àwọn ará ìsàlẹ̀, ìbáà ṣe ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Lékèélékèé ní bí òun bá ṣí i, kò ní ku nǹkan kan. Ìyá Màlúù kò bá a jà. Ó wo omi náà, ó sì yí padà sísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ewé tó já sínú rẹ̀ kò ríbi lọ, ó ń rà síbẹ̀. Àrọ̀, ìyá àwọn ẹja, bá yọ ẹnu sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Lékèélékèé ti fi ìwọ̀ kọ́ ọ rí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì yọ̀ bọ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

"Ọmọ mi, ṣí i," ni Àrọ̀ wí. "A kò rí èémí mí mọ́."

"Ìyá Àrọ̀, bí mo bá ṣí i, n ò ní rí i mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé o ń rí i báyìí? Arọra kì í dúró."

Ọ̀rọ̀ náà gún Lékèélékèé lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe é. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la. Àwọn àgbà sì ti ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nígbà tó di ọ̀la, kò sí omi mọ́. Nígbà tí iwájú dí, Arọra ti wọnú ilẹ̀, ó ti gba ibòmíràn lọ. Àrọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ri ara wọn mọ́ inú ẹrẹ̀. Arúgbó-ń-wẹ̀ dúró ní gbangba láti orí dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Lékèélékèé kẹ̀yìn sí i, ó sì sunkún.

Òjò padà dé, ó sì rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n Arọra kò padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn apẹja yòókù wá odò mìíràn lọ. Lékèélékèé nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, títí Ìyá Màlúù fi ń kọjá lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Màlúù," ó ní, "ẹ máa ń gbóòórùn omi láti òkèèrè. Ibo ni Arọra gbà lọ?"

Ìyá Màlúù lè rán an létí ọjọ́ tí òun wá bẹ̀bẹ̀ omi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"N ò mọ̀," ó dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń wá omi. Bí o bá fẹ́, máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ mi."

Lékèélékèé gbé ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta, ó sì tẹ̀lé e. Ó ń wo pátákò rẹ̀ bóyá yóò tẹ ibi tó tutù. Bí tata bá ta lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Màlúù, á ṣà á jẹ, nítorí ebi. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá dé odò kan, á sáré ṣíwájú, á wò ó títí, á sì padà wá. Á ní, "Òun kọ́." Bí Ìyá Màlúù bá ti mu omi tán, wọ́n á tún máa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni lékèélékèé ti ń tẹ̀lé màlúù káàkiri pápá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára pátákò. Àwọn ọmọdé rò pé tata ló ń wá. Lóòótọ́, tata ló ń jẹ. Odò ló ń wá.