Igbó Orí Ìsun

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ ni. Ìsun omi kan wà nínú oko rẹ̀, igbó kékeré sì yí ìsun náà ká. Àwọn bàbá rẹ̀ kì í ti ọkọ́ bọ ibẹ̀, wọn kì í gé ẹ̀ka níbẹ̀, nítorí wọ́n ní iwin ló ń gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé ìlú rẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ tuntun fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn kò bẹ̀rù iwin mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé àáké, wọ́n gé igbó orí ìsun tiwọn, wọ́n fi igi rẹ̀ kan àga ṣọ́ọ̀ṣì. Iwin kankan kò jáde. Inú wọn dùn.

Àgbẹ̀ yìí náà gbàgbọ́ tọkàntọkàn. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsàmì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ ìjọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìsàmì kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ wí fún un pé, “Bàbá, ẹ gé igbó yẹn ká tó sàmì fún yín.”

Ó ní, “Olùkọ́, n kò bẹ̀rù iwin. Ẹni tó dá omi ni mo wá sìn. Ẹ má ní kí n ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ kí n tó kí i.”

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó dùn ún wọra. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ tó bí gba ìsàmì ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gé igbó náà kí ojú má bàa tì wọ́n mọ́. Kò gé e.

Ní ọdún kẹta, òjò kọ̀. Gbogbo ìsun tí oòrùn ń pa lórí gbẹ. Àlùfáà ti dé láti ọ̀nà jíjìn láti wá sàmì fún ogójì ènìyàn, kò sì sí omi tó mọ́ nílùú. Àwọn ará ìjọ jókòó lórí àga tí wọ́n fi igbó kàn, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò, ó gba ọ̀nà oko lọ. Ó bá omi lábẹ́ igi, ó tutù, ó ń sun jẹ́jẹ́. Ó kúnlẹ̀ kó tó bù ú. Àgbẹ̀ náà bá a gbé e rù. Kò bú u. Ohun tó sọ kò ju pé, “Omi kì í ṣe tèmi, olùkọ́. Ìbòji rẹ̀ ni mo ń ṣọ́.”

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ sàmì fún lọ́jọ́ náà.

Bàbá tó bí bàbá mi ni. Mo ń fi í yangàn níbikíbi tí mo bá dé.

Ìwọ ọmọ àbúrò mi, ìwọ ni igbó náà kàn lónìí, o sì gbé ayùn tuntun wá pé kí n gbàdúrà sí i. Omi tí mo fi sàmì fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ìsun yẹn ni a ti pọn ọ́n. Màá gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bu omi mu níbẹ̀, kí o wá sọ fún mi, igi wo ni a óò kọ́kọ́ gé.