Àwòrán Tí Kò Lórí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, àgbàlá Pẹ́pẹ́yẹ ló bà sí. Àràárọ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ ń gbálẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbá a tán, ọmọ Adìyẹ, aládùúgbò rẹ̀, á wá fi èékánná ha ilẹ̀ náà wọ́kuwọ̀ku.

"Kí nìyẹn?"

"Ìyá mi ni mo yà, mà."

"Kò lórí."

Ó gbá a nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ náà yà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pẹ́pẹ́yẹ gbá a nù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá a gbè é:

Mo ya ìyá mi o.
*Ha, ha, halẹ̀!*
Wọ́n ní kò lórí o.
*Ha, ha, halẹ̀!*

Pẹ́pẹ́yẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ tirẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ halẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, oúnjẹ tán, ikán sá wọnú ilẹ̀. Àwọn ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ na ẹsẹ̀ láti halẹ̀, ẹsẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Pẹ́pẹ́yẹ gbé ìgbálẹ̀ pamọ́, ó ké sí ọmọ Adìyẹ:

"Ọmọ dáadáa, wá ya ìyá rẹ."

Ọmọ halẹ̀, ikán tú jáde. Pẹ́pẹ́yẹ jẹ, ó yó, ó wo àwòrán náà.

"Lọ́tẹ̀ yìí, ó lórí."

Bí mo bá purọ́, ẹ bi ikán.