Ìdí Tí Àdàbà Kì Í Fi Gbé Orí Sókè Bí Ó Bá Ń Mu Omi

Nígbà láéláé, omi kì í gbàgbé. Ohunkóhun tí ó bá dúró létí rẹ̀, omi a máa gba àwòrán rẹ̀, a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Kì í ṣe àwòrán tí ó dúró gbagidi o. Àwòrán tí ń rìn ni, tí ń jẹun, tí ń ju ìrù, bí irú èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń wò nínú fóònù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà ti kú á lọ sétí omi, á béèrè, omi á sì fi bàbá àgbà hàn án níbi tí ó ti ń họra.

Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á wọlé, àwọn àwòrán àtijọ́ á sì rì sísàlẹ̀ sí i. Èyí tí ó bá pẹ́ á kéré, á ṣókùnkùn.

Ní ayé ìgbà náà, bákan náà ni gbogbo ẹyẹ ń mu omi. Wọ́n á ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni adìẹ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gà ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni àdàbà ń ṣe.

Àdàbà kan wà tí ó ń gbé lórí igi ìyeyè létí adágún kan. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ń yà wò. Ìyẹ́ kan kò sí ní apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀gún igi ọsàn ló fà á já níbi tí ó ti ń ṣa igi ìtẹ́, kò sì hù mọ́. Bí ó bá mu omi, tí ó gbé orí sókè, á tẹ ọrùn sí òsì, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn.

"Ta ló tún pè ọ́?" ni ọkọ rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìwọ náà ni," ni Àwẹ̀ró á dáhùn. "Ta ló tún ń pe èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àfi bí ẹni tí kò lẹ́sẹ̀?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, Àwẹ̀ró jáde lọ wá oúnjẹ. Àṣá gbé e. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Àjọkẹ́, kò tíì lajú nínú ìtẹ́.

Àdàbà nìkan ló tọ́ ọmọ náà. Ó fi àyà rẹ̀ bò ó nígbà òtútù. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á jókòó sórí ẹ̀ka, á fi àyè ẹyẹ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà síbẹ̀.

Nígbà tí Àjọkẹ́ hu ìyẹ́ tán, ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, báwo ni ìyá mi ṣe rí?"

Àdàbà la ẹnu. Ó wá rí i pé ohun tí òun mọ̀ kò ṣe é fi ẹnu sọ.

"Ó rí bí ìyá rẹ," ni ó wí.

"Bàbá, ìyẹn kọ́ ni mo béèrè."

"Mo mọ̀."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó fò lọ sétí omi.

"Ìyá Adágún, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàwó mi hàn mí."

"Ọkọ Àwẹ̀ró," ni Adágún dáhùn, "ojú rẹ rèé? Mo ti ń retí rẹ láti ìgbà ọyẹ́. Sún mọ́ mi. Rọra o, má rú mi."

Àdàbà tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ó rí i. Kò tóbi ju èso ìyeyè lọ. Etí òdìkejì ni Àwẹ̀ró ti fẹ́ràn láti máa mu omi, òkèèrè sì ni Adágún ti ń rí i. Àwẹ̀ró inú àwòrán náà ki ẹnu bọ omi. Ó gbé orí sókè. Ó tẹ ọrùn sí òsì. Ó parí síbẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

 Àdàbà sáré pe Àjọkẹ́ wá. Àjọkẹ́ wò, wò, wò.

"Bàbá, nǹkan kan tó dà bí eérú ni mo rí. Ṣé kòkòrò ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àdàbà lára. "Ìyá Adágún, ẹ jẹ́ kó tóbi. Ẹ jẹ́ kó mọ́lẹ̀, kí ọmọ yìí lè rí ìyá rẹ̀."

"Ohun tí mo rí ni mo tọ́jú," ni Adágún wí. "Mi ò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí o bá ní sùúrù tí mo tòrò, yóò mọ́ díẹ̀ sí i."

"Òjò ti ń ṣú, Ìyá. Bí òjò bá rọ̀, ṣé kò ní rì?"

"Yóò rì."

Àdàbà kò dúró mọ́. Ó mú ìkarahun ìgbín, ó fi bu omi ibẹ̀. Ẹ̀dà àwòrán náà bá omi wá, ojúlówó rẹ̀ kù sísàlẹ̀. Ó gbé e, ó di ọ̀dọ̀ Alántakùn. Bí ó ti ń fò, bẹ́ẹ̀ ni omi ń mì nínú ìkarahun, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán ń fọ́ wẹ́wẹ́.

Alántakùn ni oníṣẹ́ tí gbogbo igbó ń gbé nǹkan tó ya lọ bá. Kò sí ihò tí kò lè dí. Bí ó ti rí Àdàbà lókèèrè ló ti ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Àjọkẹ́! Kí lo gbé wá? Ṣé ọbẹ̀ ni?"

"Ìyàwó mi ni."

Ẹ̀rín dá lẹ́nu Alántakùn. Ó fi gbogbo ojú rẹ̀ mẹ́jọ wo inú ìkarahun. "Háà, ó ti fọ́ o. Ihò inú rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀. Kò sí ẹyẹ tí mi ò mọ̀ nínú igbó yìí. Níbi tí mi ò bá ti rí ti ìyàwó rẹ, màá fi ti ẹlòmíràn dí i. Ṣé kí n máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ máa wò ó, àbí kí n ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Òjò ń bọ̀. Ṣe é tán."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó tóbi tó?"

"Bí agbára rẹ bá ṣe mọ."

Àdàbà fò lọ ṣọ́ òjò lórí igi, Alántakùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ta okùn síhìn-ín, ó ta á sọ́hùn-ún. Ojú kò hàn nínú àwòrán náà, ó bá fi ojú ọ̀kín sí i. Ìyẹ́ ọrùn kò hàn, ó fi ti agbe sí i. Ó rí àlàfo lápá ọ̀tún. "Àbùkù rèé," ni ó wí, ó sì dí i. Ó rí ọrùn tí ó tẹ̀ sí òsì. "Èyí náà ti wọ́," ni ó wí, ó sì fà á nà.

"Dà á padà sójú omi," ni ó wí nígbà tí ó parí, "kó lè tàn ká."

Àdàbà dà á síbẹ̀. Gbogbo ojú adágún tàn yanran. Àdàbà ńlá kan dúró lójú omi, èèyàn lè ka ìyẹ́ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹyẹ wọ́ wá.

"Ìyàwó Àdàbà nìyí?" ni ẹ̀gà kígbe. "Ẹni tá a jọ ń ṣa èso nílẹ̀! Mo ṣe bí ẹyẹ lásán ni!"

"Bàbá, ìyá mi mà rẹwà o!" Àjọkẹ́ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka.

Inú Àdàbà dùn. Ó jókòó, ó ń wò ó títí oòrùn fi wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan yà á lẹ́nu: omijé kò bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo ojú àwòrán náà, ojú náà wò ó, kò dá a mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àjọkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń mu omi ló ti ń tẹ ọrùn sí òsì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ń rí i, kì í sọ nǹkan kan, á kàn yíjú sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, Àjọkẹ́ mu omi, ó gbé orí sókè, ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán bí ọmọ odó.

"Àjọkẹ́, kí ló ṣe ọrùn rẹ?"

"Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bàbá. Ẹ wò ó lójú omi. Mo ti ń ṣe é ní wíwọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀."

 Ó yé Àdàbà pé Àwẹ̀ró ti ń kú lẹ́ẹ̀kejì. Kì í sì í ṣe Àṣá ló gbé e lọ́tẹ̀ yìí.

Ó já lu etí omi. "Ìyá Adágún, ẹ bá mi kó o kúrò!"

"Kò ṣe é kó mọ́. Ohun tí a bá dà sójú mi, ojú mi ló ń gbé."

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí ó wà. Ìwọ ni o gbé nǹkan lé e lórí."

 Àdàbà ní, "Kí ni ì bá dára kí n ti ṣe?"

"Ò bá jẹ́ kí n kọ́kọ́ tòrò," ni Adágún wí. "Ò bá mú Alántakùn wá síbi tí àwòrán gan-an wà, dípò kí o máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri. Ẹrẹ̀ nìkan ni kí ó yọ, kí ó má fi ohunkóhun kún un. Bí ó bá yọ díẹ̀, kí ìwọ tí o mọ̀ ọ́n wò ó. Bí ó bá ṣì jẹ́ òun, kí ó tún yọ díẹ̀."

Àdàbà padà sọ́dọ̀ Alántakùn. Inú bí ìyẹn.

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n ṣe é tán? Gbogbo igbó ló ń yìn mí, ìwọ nìkan lò ń sunkún!"

"Iṣẹ́ rẹ dára," ni Àdàbà wí. "Òun kọ́ ni."

 "Mi ò rí ìyàwó rẹ nítòsí rí," ni Alántakùn wí níkẹyìn. "O ò sì dúró tì mí." Ó kó okùn rẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Wọ́n jókòó sétí omi, ẹnì kankan kò mira títí omi fi tòrò. Òjò ti ṣú bo orí igi. Alántakùn hun àwọ̀n kan tó fẹ́lẹ́, ó rọra sọ ọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Àdàbà bá wo omi láti òkè, ẹyẹ dídán yẹn ni yóò rí. Nítorí náà ó ki orí bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì gbé e sókè. Omi ń wọ ọ̀fun rẹ̀, ó ń gbé e mì, ó ń wò.

Alántakùn fa àwọ̀n. Ẹrẹ̀ díẹ̀ bá a jáde.

"Àlàfo wà lápá rẹ̀ o!" ni ó ké.

"Fi í sílẹ̀," ni ohùn Àdàbà wá láti inú omi.

Ó tún fà á. "Ọrùn rẹ̀ wọ́!"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó tún fà á. "Ó kù díẹ̀ kí n rí ojú rẹ̀. Ṣé kí n tún yọ?"

Àdàbà wo àwòrán náà. Ojú Àwẹ̀ró kò ju àmì dúdú kékeré kan lọ. Etí àwòrán ti ń tẹ̀lé ẹrẹ̀ jáde. Ó wù ú kí ó rí ojú náà, ó wù ú dé egungun.

"Ó tó," ni ó wí.

Ó pe Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ ki orí bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 

"Bàbá, kò mọ́lẹ̀ bíi ti òkè."

"Rárá."

"Ó kéré."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyẹ́ kan kò sí lápá rẹ̀."

"Ẹ̀gún ọsàn ni. Ìtẹ́ rẹ ló ń kọ́."

Àjọkẹ́ tún wò ó. Nínú omi níbẹ̀, ọrùn òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí òsì, kò mọ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "ta ló pè é?"

"Èmi ni," ni Àdàbà wí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọn kò gbé orí sókè.

Láti ọjọ́ náà ni àdàbà kì í ti í gbé orí sókè bí ó bá ń mu omi. Adìẹ á mu ún, á wòkè. Ẹ̀gà á mu ún, á wòkè. Àdàbà á ki ẹnu bọ̀ ọ́, á máa mu ún lọ títí yóò fi yó. Ohun tó ń dán lójú omi bí oòrùn bá ràn, iṣẹ́ Alántakùn nìyẹn. Àdàbà kì í wò ó.

Bí ẹ bá bá a létí omi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ kó wo Àwẹ̀ró nísàlẹ̀ omi tẹ́rùn.