Mọ́dábọ́ọ̀dù Tí Moróunkéjì Dá Rà

Ní òpópónà Òkè-Àfò, Moróunkéjì ló ń tẹ ìwé ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ tó bá di ká fi nǹkan pamọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Aṣọ ló fi ń bo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí Fẹ̀yìntọlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lódìkejì títì má baà mọ irú èyí tó ń lò. "Ayé le," ni yóò wí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà wá ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó pe Oyèkànmi, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, lórí fóònù. Oyèkànmi ní ó jọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù ló fẹ́ pààrọ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ì tíì ra nǹkan kan, kó jẹ́ kí òun wá tú u wò ná. Moróunkéjì ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ o! Ìbàdàn ló gbà lọ, ó lọ ra mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí ìdánwò ku ọ̀la ló tó ránṣẹ́ pe Oyèkànmi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ti sọ pé bí ìwé kò bá jáde lọ́jọ́ náà, Fẹ̀yìntọlá ni òun yóò máa gbé iṣẹ́ fún.

Oyèkànmi gbé pátákó tuntun náà sínú àpótí kọ̀ǹpútà, kò wọ̀ ọ́. Ó fẹ̀ jù. Ó gbìyànjú láti fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà sí ojúhò rẹ̀, kò bá a mu. Rámù tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan náà kọ̀ jálẹ̀. Òógùn bò ó.

"Ìyàwó wa, ẹni tó ta nǹkan yìí kò bi yín irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò?"

"Ó bi mí, Akọ̀wé. Mo ní kó ṣáà fún mi ní èyí tó dára jù. Ṣé kí n máa tú àṣírí mi fún ẹni tí n kò mọ̀ rí ni?"

"Háà! Ẹ ti pa mí!" Oyèkànmi káwọ́ lérí. "Àṣírí wo ló wà lára kọ̀ǹpútà? Ọ̀rọ̀ yín sú mi!"

Bàbá aránbàtà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi náà ń rí wọn. Wọn á ní kí n rán bàtà, wọn ò ní jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀."

Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Oyèkànmi dá pátákó àtijọ́ padà, Moróunkéjì sì sáré kó iṣẹ́ náà sínú fìláàṣì tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ kiri, ó sọdá títì. Fẹ̀yìntọlá bá a tẹ̀ ẹ́ láìjanpata. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti irú kọ̀ǹpútà tí Moróunkéjì ń lò, ó nawọ́ sí tirẹ̀.

"Irú tiyín kọ́ nìyí? Èmi náà pààrọ̀ pátákó tèmi lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ bá ti bi mí, ǹ bá júwe èyí tó bá a mu fún yín."

Ọ̀dọ̀ Fẹ̀yìntọlá ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti wá kó ìwé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé iṣẹ́ lọ di òní. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Òkè-Àfò ti ń pa á lówe pé: "Ẹni tó fi ẹsẹ̀ pamọ́ fún aránbàtà, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi relé."