Odò Ọ̀sàrà Béèrè Ọ̀nà Rẹ̀

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí òjò ti ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fojú kan oòrùn. Aṣọ kò gbẹ lórí okùn, igi ìdáná ń sunkún nínú ààrò, àgbàdo tó wà lájà ti hù. Ògiri ilé tí Àwẹ̀ró àti Olúgbòdi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ti rọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, a tẹ̀ wọlé. Bàbá wọn ló kọ́ ilé náà sétí odò Ọ̀sàrà, inú ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró jí, ó rí i tí omi ń sun jáde lójú oórì bàbá.

Ẹ̀rù bà á. Ó daṣọ borí, ó gun òkè lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúntókí, arúgbó tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wádìí ọ̀ràn. Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀. Mẹ́sàn-án lanu sókè. Ó wò ó títí.

"Odù Ọ̀sá ló jáde," ó ní. "Sísá ló sì ń wí. Àwẹ̀ró, ojú ọ̀nà omi nilé yín wà. Nígbà ọ̀dá ni bàbá yín kọ́ ọ. Ẹni tó ni ọ̀nà ti ń bọ̀."

"Kí ni ká ṣe, Ìyá?"

"Ẹ fi ẹyẹlé méjì àti ìgbín mẹ́rin rúbọ. Ẹ bu erùpẹ̀ ojú oórì bàbá yín sínú ìkòkò, ẹ gbé e wá sókè yìí. Kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ má bá yín nísàlẹ̀."

"Ilé wa ńkọ́?"

"Ilé gan-an lẹbọ."

Nígbà tí Olúgbòdi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Odò tí mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti kékeré ni yóò lé mi? Bí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò jókòó ti bàbá?"

"Bàbá ń bá wa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Máa ru erùpẹ̀ rẹ lọ. Arúgbó yẹn, ẹyẹlé ló ń wù ú jẹ."

Mojẹ́wá ìyàwó Olúgbòdi ti di ẹrù. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó tún tú u. Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí Bọ́sẹ̀dé, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n Olúgbòdi gbá a mọ́ àyà. Àwẹ̀ró dá nìkan rúbọ, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà sórí òkè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, Olúgbòdi lọ wu kókò lóko. Ó gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí igbó ń wó. Kí ó tó sáré délé, kò sí ilé náà mọ́. Omi pupa ló ń ṣàn níbi tí ilẹ̀kùn wà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí òkú Mojẹ́wá lábẹ́ igi kan nísàlẹ̀ odò. Wọn kò rí ọmọ.

Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u, ilẹ̀ òkè gbà á: iṣu Àwẹ̀ró ta, ó lọ́kọ, ó bí ọmọ mẹ́ta. Ó yin Ìyá Ọ̀ṣúntókí, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jó. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, òun àti àbámọ̀ ló jọ ń gbé. Ilé àbúrò rẹ̀ ni Olúgbòdi wà dòní. Bí òjò bá ti ṣú, a bọ́ síta, a máa pe Bọ́sẹ̀dé. Àwẹ̀ró a jáde lọ bá a, a dúró tì í nínú òjò títí yóò fi dákẹ́, a sì fà á lọ́wọ́ wọlé.